Táyà Tó Ń Ha Fẹ́ńdà

Àbúrò mi ọkùnrin ni bàbá tó ń ta táyà bi léèrè irú ríìmù tí èmi fẹ́. Èmi ni mo wa ọkọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èmi ni mo bọ́ sílẹ̀ tí mo kí i, èmi náà ni mo ṣàlàyé ohun tí mo bá wá. Bàbá náà gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó mi orí, ó wá yíjú sí àbúrò mi tó ń tẹ fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀.

"Ọ̀gá, irú èwo lẹ fẹ́ ká fún màdáámù?"

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí, àmọ́ bí mo bá rántí ìbéèrè yẹn, ara mi á tún gbóná.

Ìtòsí Kabusa ni mò ń gbé. Iṣẹ́ awọnlẹ̀ ni mò ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, mo sì máa ń lọ sí apá Abaji dáadáa, nítorí àwọn ilẹ̀ oko tí à ń wọn níbẹ̀. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í kárí wa. Àwọn ọ̀gá ló ń gbé e lọ síbi tí ọ̀dà wà, àwa tí à ń lọ sínú igbó la ń gbé ọkọ̀ tiwa. Ọkọ̀ tèmi sì kéré, tòkunbọ̀ ni, ikùn rẹ̀ sún mọ́ ilẹ̀ jù. Ọ̀nà tó wọ àdúgbò wa kò sì ní ọ̀dà kankan. Bí òjò bá rọ̀, àwọn ọkọ̀ á tẹ ẹrẹ̀ pupa náà di kòtò. Bí oòrùn bá ràn, kòtò náà á gan bíi kọnkéré. Nígbà tí sàléńsà mi já sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, tí mo fi wáyà so ó délé, mo pinnu pé n ó gbé ọkọ̀ náà ga díẹ̀. Mo fẹ́ fi ríìmù àti táyà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ sí i.

Mi ò kàn sáré lọ rà á. Wíwọn nǹkan ni mo fi ń jẹun. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo tẹ́ ẹní àtijọ́ kan sílẹ̀ nínú ọgbà, mo kúnlẹ̀ ti ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kọ̀ọ̀kan, mo sì fi téèpù wọ̀n ọ́n. Mo wọn àlàfo tó wà láàárín táyà àti etí fẹ́ńdà, irin tó bo táyà lókè. Mo wọn èyí tó wà nínú, láàárín táyà àti irin tó gbé sípíríńgì dúró. Mo yí sítíárìn lọ sí apá ọ̀tún títí tí kò fi lè lọ mọ́, mo wọ̀n ọ́n, mo yí i sí òsì, mo tún wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà mo kó àpò sìmẹ́ńtì sínú búùtù kí ẹ̀yìn ọkọ̀ lè wọlẹ̀, torí pé ọkọ̀ tó ṣófo àti ọkọ̀ tó kún kì í ga bákan náà. Bàbá onílé wa gba ibẹ̀ kọjá, ó dúró wò mí.

"Ṣé kò sí ẹni tó lè bá yín wò ó ni?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun sà, mo ti ń wò ó."

Ohun tí mo rí ni pé àyè wà láti lọ sókè díẹ̀, àmọ́ kò sí àyè láti lọ síta rárá. Bí táyà bá ga ní ìwọ̀n ìka kan, kò ní kan nǹkan kan. Bó bá fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí ríìmù rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó ń yọ síta lára ọkọ̀, etí fẹ́ńdà ni yóò máa ha á. Ríìmù méjì lè ga bákan náà, kí ọ̀kan jókòó dáadáa sínú, kí èkejì sì yọ síta bí etí ìkòkò. Kò sí awo kankan nínú rẹ̀. Téèpù lásán ni.

Mo mú àbúrò mi dání lọ sí Jabi nítorí pé òun ló mọ ṣọ́ọ̀bù náà. Ilé ìfowópamọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ẹnìkan ní ọ́fíìsì wọn ló júwe ibẹ̀ fún un. Nígbà tí wọ́n gbé bàbá wa wá sí Abuja, mo ti tó ọmọ iléèwé. Ibí ni wọ́n bí òun sí. Ó gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń fèsì. Bàbá onítáyà sì rèé, ọmọ Ìbàdàn, Yorùbá tó jinlẹ̀ ni gbogbo ẹnu rẹ̀, ó sì ń da gbogbo rẹ̀ sórí àbúrò mi. Àbúrò mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń sọ pé "bẹ́ẹ̀ ni sà" sí ohun tí kò yé e. Èmi tó yé ń dáhùn láti ẹ̀gbẹ́, wọn ò sì wo apá ibi tí mo wà.

Bàbá náà gbé ríìmù kan jáde, ó ń dán bíi dígí, ó sì fẹ̀ gan-an. Ojú àbúrò mi là. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé èyí á jẹ́ kí ọkọ̀ náà rí bí ọkọ̀ èèyàn pàtàkì.

Mo ní, "Bàbá, èyí fẹ̀ jù, ó sì ń yọ síta. Fẹ́ńdà á máa ha á. Èyí tí mo sọ fún yín ni mo fẹ́, tó ga díẹ̀, tí kò fẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ wò mí. "Ọ̀gá, ẹ bá wa bẹ àǹtí. Wọn ò tíì bí wọn nígbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí."

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ni, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò sì jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo sọ fún àbúrò mi pé, "Má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan kan títí n ó fi dé." Ó ní ó ti gbọ́. Mo rìn jáde lọ sí etí títì.

Nígbà tí mo padà, ọkọ̀ mi wà lórí jáàkì. Ríìmù tó ń dán náà ti wọ ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń fi sípánà di bóòtù tó kẹ́yìn.

"Ta ló ní kí wọ́n fi èyí sí i?"

Àbúrò mi fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn pé, "Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá ní á gbà á dáadáa. Ẹ wò ó, ó fín."

Bàbá náà yí ẹsẹ̀ iwájú sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. "Ṣé ó kan nǹkan kan?"

Kò kan nǹkan kan lóòótọ́. Báwo ni yóò ṣe kàn án? Ọkọ̀ wà lókè, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì nínú afẹ́fẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀, kí èèyàn mẹ́ta jókòó sẹ́yìn, ká wá wò ó. Bàbá náà bú sẹ́rìn-ín, àwọn tó ń dúró de ọkọ̀ wọn náà bá a rẹ́rìn-ín. Ó bi àbúrò mi bóyá akọrin ìjọ ni mo fẹ́ máa fi ọkọ̀ náà gbé. Àbúrò mi, tí mo pọ̀n sẹ́yìn nígbà tó wà ní kékeré, bá wọn rẹ́rìn-ín.

Òjò ti ń ṣú. Ó ní kí n wà á lọ, pé bó bá ha, kí n padà wá, àwọn ríìmù mi àtijọ́ wà lọ́dọ̀ òun. Mo kọ nọ́ńbà mi fún un, àbúrò mi náà kọ tirẹ̀, mo sì wà á lọ. Bí mo ṣe ń yà sí ọ̀nà Kabusa, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn, ohùn kan tó rọra ń ha bí ìgbà tí èèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò.

Mo ní, "Ṣé o gbọ́ yẹn?"

Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan.

Ní ọjọ́ kejì tí í ṣe Sunday, lẹ́yìn ìsìn, màmá mi àti àwọn màmá méjì nínú ìjọ wa fẹ́ lọ sí Abaji lọ kí ọmọ ìjọ wa kan tó bímọ. A ti jọ ṣe àdéhùn náà tipẹ́, ọkọ̀ mi ni a ó gbé, ṣọ́ọ̀bù Jabi kì í sì í ṣí ní Sunday. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sẹ́yìn nítorí wọ́n fẹ́ máa tàkúrọ̀sọ. Búùtù kún fún ẹ̀bùn tí wọ́n rù lọ fún ìyá ọmọ: iṣu, garawa epo, àpò ìrẹsì. Mo rọra ń wakọ̀. Níbi tí ọ̀nà bá ti tẹ́jú, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí a bá ti bọ́ sínú kòtò, ẹ̀yìn ọkọ̀ á wọlẹ̀, ohùn yẹn á sì jáde, kì í ṣe bíi ti ṣíbí mọ́. Bíi ti ayùn ni.

Màmá mi dá ọ̀rọ̀ tó ń sọ dúró. "Kí ló ń jóná báyìí?"

Rọ́bà ló ń jóná. Mo ní kò sí nǹkan, mo ti ń wá ibi tí mo máa yà sí. Kí n tó ya, ọkọ̀ náà fì lọ sí apá ọ̀tún, ó sì dún gbọ̀ọ̀ lábẹ́ wa. Mo di sítíárìn mú pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ọ̀kan nínú àwọn màmá náà ń pe orúkọ Jésù lábẹ́lẹ̀, léraléra, títí ọkọ̀ fi dúró lórí koríko. Tírélà kan sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, afẹ́fẹ́ rẹ̀ mi ọkọ̀ tìtì.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wò ó. Etí fẹ́ńdà ti gé ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn láti ibì kan dé ibì kan, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé búrẹ́dì, wáyà inú rẹ̀ sì ti yọ síta. Ìyá mi ló jókòó gan-an lórí táyà yẹn. Ìyá mi, tó dìde láti Èkìtì wá lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Gbogbo ohun tí mo sọ pé yóò ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, níbi tí mo sọ pé yóò ti ṣẹlẹ̀, nítorí ohun tí mo sọ pé yóò fà á. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá tó mọ́ gaara, lójú ẹni tó gbọ́ Yorùbá.

A kó iṣu sílẹ̀ kí n lè rí táyà àfipamọ́ gbé jáde. Mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ sípánà láti tú bóòtù nígbà tí ọkọ̀ kan dúró. Ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ yọ orí. "Ọkọ yín ńkọ́?" Mo ní kò sí níbí. Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni àgbẹ̀ kan gun kẹ̀kẹ́ dé, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ní, "Sannu da aiki." Ó kí mi kú iṣẹ́. Kò bi mí ní nǹkan mìíràn. Ó bá wa yí òkúta sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó má baà yí lọ, ó dúró títí mo fi ṣe tán, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Mi ò lè gbàgbé ìkíni yẹn, torí òun nìkan ni ìkíni tó bá iṣẹ́ tí mò ń ṣe mu láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ táyà yìí ti bẹ̀rẹ̀.

A kò dé Abaji mọ́. Mo rọra wà wá padà.

Ní ọjọ́ Monday, mo gba àyè níbi iṣẹ́, mo sì forí lé Jabi, èmi nìkan. Bàbá onítáyà rí mi, ó ń wo ẹ̀yìn mi.

"Ọ̀gá dà?"

"Ọ̀gá wo? Èmi ni mo ni ọkọ̀ yìí, Bàbá. Ẹ wá wo ohun tí ẹ ṣe."

Ó wo táyà tó ya náà, ó wo etí fẹ́ńdà. Kò bẹ̀rù rárá. Ó ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, pé fẹ́ńdà ni kò jẹ́ kí táyà ríbi yí, pé wọ́n á fi òòlù lù ú wọlé, wọ́n á gé etí rẹ̀ díẹ̀. Ó ní kí n lọ jókòó nínú ibòji. Mo ní mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé ọkọ̀ mi. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ, mo sì gbọ́ tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tó jáde, ó ju òòlù sí ọwọ́ ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́.

Ó ní, "Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ká gé e."

Mo lọ dúró síwájú fẹ́ńdà náà, mo fi ẹ̀yìn tì í. Mo pe àbúrò mi, mo sì ṣí fóònù náà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n gé ọkọ̀ mi?"

Ó fi Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, díẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé. Bàbá ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn."

"Ọkọ̀ ta ni?"

Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gé e.

"Mo ní ọkọ̀ ta ni."

"Ọkọ̀ yín ni."

"Ta ló wà nínú rẹ̀ lánàá nígbà tí táyà ya?"

Ó wá ní, "Màmá." Mo pa fóònù náà.

Mo wá yíjú sí bàbá onítáyà. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọlé sí ẹ̀yìn ọkọ̀." Ó ní kí ló dé. Mo ní kó wọlé. Mo sọ fún ọkùnrin tó di òòlù mú pé kí òun náà wọlé, mo sì bẹ oníbàárà kan tó sanra dáadáa, tó jókòó tó ń wòran, pé kó jọ̀wọ́ bá wa jókòó. Bóyá ojú mi ni wọ́n wò, gbogbo wọn wọlé. Mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun ẹ̀gbẹ́ táyà àfẹ̀jù tó kù lẹ́yìn, mo wakọ̀ jáde ní ẹnu ọ̀nà, mo sì gun gálọ́ọ̀pù, òkìtì ojú títì tó wà níbẹ̀. Ohùn náà jáde kedere, lábẹ́ ìdí bàbá náà gan-an. Mo tún gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Oníbàárà tó sanra náà sọ fún bàbá náà pé, "Kai, Alhaji, ó ń ha o."

A sọ̀ kalẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ti lẹ̀ mọ́ etí fẹ́ńdà, ó funfun báláú. Bàbá náà fi ìka kàn án.

Ríìmù tí mo fẹ́ wà nínú ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti wà níbẹ̀ látilẹ̀, wọ́n fi kọ́ sára ògiri lẹ́yìn àwọn tó ń dán. Àwọ̀ rẹ̀ bàìbàì, kò fa ojú ẹnikẹ́ni mọ́ra. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n níbẹ̀, mo wo nọ́ńbà tó wà lára táyà tí wọ́n mú wá, mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sí i ná. Mo ní kí wọ́n tún jókòó. Wọ́n jókòó. Mo gun gálọ́ọ̀pù, mo yí sítíárìn dé òpin ní apá méjèèjì. Ṣọ́ọ̀kì wà lára táyà bí mo ṣe kùn ún. Ìgbà yẹn ni mo ní kí wọ́n fi ìyókù sí i. Bàbá náà gba táyà tó ya padà láìbá mi jà, ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń ṣíná ọkọ̀, ó ní, "Ẹ bá wa kí ọ̀gá."

Ọkọ̀ náà ń rìn dáadáa báyìí. Mo ti gbé e lọ sí Abaji lọ́pọ̀ ìgbà, pẹ̀lú irinṣẹ́ wa àti èèyàn mẹ́ta lẹ́yìn, kò ha rí. Sàléńsà mi wà níbi tó yẹ kó wà. Màmá mi ti padà sí Èkìtì. Òun kò bá ẹnikẹ́ni wí lórí ọ̀rọ̀ náà; ohun tó sọ ni pé Ọlọ́run ló yọ wá.

Àbúrò mi wá sílé mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ra ọsàn àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó dání. Ó jókòó, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi Yorùbá sọ̀rọ̀, èyí tí kì í ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ó máa rí bẹ́ẹ̀."

Mo ní, "Mo sọ fún ẹ."

"Ẹ sọ fún mi lóòótọ́. Mo rò pé bàbá yẹn mọ̀ ọ́n jù yín lọ ni."

"Kí ló jẹ́ kí o rò bẹ́ẹ̀?"

Ó gbé orí sókè, ó wò mí bí ẹni tí ìbéèrè náà ṣàjèjì sí. Mo rí i pé kò bi ara rẹ̀ léèrè rí. Ìyẹn dùn mí ju táyà lọ. Ọmọ rere ni, ó máa ń tọ́jú mi, kò sì sí ọjọ́ tí yóò bú mi. Ó kàn ṣẹlẹ̀ pé nígbà tí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń fi téèpù wọn ilẹ̀ ìjọba jọ sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà ló gbà gbọ́.

Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé iṣẹ́ kan tí wọ́n rán òun. Ó ní, "Bàbá onítáyà pè mí. Ó bẹ̀ mí gan-an. Ó ní òun mọ̀ pé òun ṣàṣìṣe, pé kí n má bínú."

Mo wò ó. "Ó ní kí ìwọ má bínú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Nọ́ńbà mi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ fún un lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ."

Ó dúró ní ẹnu ọ̀nà, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ṣé kí òun sọ fún bàbá náà pé kó pè mí. Mo ní kó má sọ nǹkan kan fún un. Bí bàbá náà kò bá mọ ẹni tó yẹ kó bẹ̀, mi ò fẹ́ kí wọ́n bá mi rán an létí.

Kò tíì pè mí títí di òní.